Ẹ̀sùn Lórí Bébà NCR Tí Ẹ Tà Fún Wa Fún Ẹ̀rọ DI

Ṣómólú,
Èkó.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtajà Bébà.

Ọ̀gá,

Mo kí yín. Ẹ̀sùn ni mo wá fi sùn, mi ò ní fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn. Bébà NCR onípele mẹ́ta tí ẹ tà fún wa, funfun, yẹ́lò àti píǹkì, irú èyí tí ohun tí a bá kọ sí tòkè máa ń hàn lórí ti ìsàlẹ̀ láìlo kábọ́ọ̀nù, kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ DI, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dìjítà oníléésà wa, lè lò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, torí DI la ṣe rà á. Ọ̀rọ̀ tí èmi àti ọmọ iṣẹ́ yín jọ sọ lórí WhatsApp ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo bi í bóyá bébà náà lè gba inú máṣíìnì léésà kọjá, ó ní kò sí wàhálà, pé gbogbo oní-DI ní Ṣómólú ló ń rà á. Mo ti tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde, ó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Ìwé ínfọ́ìsì la fẹ́ fi ṣe fún oníbàárà wa kan tó ń ta páìpù àti ohun èlò balùwẹ̀. Funfun ni ti ẹni tó ra ọjà, yẹ́lò ni wọ́n fi ń gba ẹrù ní sítóò, píǹkì ni akáńtáǹtì ń tọ́jú. Nígbà tí iṣẹ́ náà jáde nínú ẹ̀rọ, ó wu ojú. Lẹ́tà mú dáadáa, nọ́ńbà tò tẹ̀ léra, gọ́ọ̀mù orí rẹ̀ di ṣinṣin. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ni àṣírí tú. Ohun tí wọ́n kọ hàn fírífírí lórí yẹ́lò. Ti píǹkì wá burú jáì: ẹ máa gbé e sí ojú oòrùn kí ẹ tó mọ̀ bóyá páìpù 16 ni wọ́n kó jáde tàbí 76. Ojú yẹ́lò àti píǹkì sì ti ní àbàwọ́n búlúù káàkiri kí ẹnikẹ́ni tó fi bírò kàn án. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà fún wa, wọn ò sì san ìyókù owó iṣẹ́.

Nígbà tí mo pe ọ́fíìsì yín, ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹ̀rọ wa ló ti gbó, àbí kó jẹ́ pé òjò ló mú kí bébà gba ọ̀rinrin ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò rí ẹ̀rọ, kò rí bébà, kò tilẹ̀ ní kí a fi ẹyọ kan ránṣẹ́. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi rí. Mo tú ríìmù kan tí ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ pinpin. Mo yọ sẹ́ẹ̀tì kan níbẹ̀, mi ò gbé e sínú ẹ̀rọ rárá, mo fi bírò kọ nǹkan sí i. Píǹkì hàn ketekete. Mo yọ òmíràn nínú ríìmù yẹn kan náà, mo jẹ́ kó gba inú ẹ̀rọ kọjá láìtẹ nǹkan kan sórí rẹ̀, mo fi bírò kan náà kọ ọ́. Píǹkì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé nǹkan kan. Tó bá jẹ́ ọ̀rinrin ni, ṣé sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ọ̀rinrin mọ̀ nínú ríìmù ni? Lẹ́yìn ìyẹn, aládùúgbò wa tó ní Kord, ẹ̀rọ offset tó ń fi íǹkì tẹ̀wé láìlo iná, gbà lára bébà náà, ó fi tẹ ìwé rìsíìtì, iṣẹ́ náà sì yọrí. Bébà offset ni ẹ tà fún wa, kò sí orúkọ mìíràn tó ń jẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ju mí lọ nípa ọjà yín, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé àwọn tó ń gbé fóònù ní ọ́fíìsì yín kò mọ̀, nítorí náà n ó sọ ọ́. Ẹ̀yìn funfun àti ẹ̀yìn yẹ́lò ní àwọn àpò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, òróró tí a po aró tí kò tíì ní àwọ̀ mọ́ ló wà nínú wọn. Ojú yẹ́lò àti ojú píǹkì ní èròjà tó ní ásíìdì, irú bí amọ̀. Bírò á tẹ àpò fọ́, aró á kan èròjà yẹn, àwọ̀ á yọ. Lọ́dún 1954 tí bébà yìí jáde ní Amẹ́ríkà, kò tíì sí máṣíìnì léésà. Offset kì í fi iná yan bébà, ẹni tó ń wà á sì lè dín títẹ̀ rẹ̀ kù. Àtíkè ni tónà léésà ní tirẹ̀. Ó ní láti yọ́ kó tó lẹ̀ mọ́ bébà. Rólà méjì ló ń fún bébà láàárín ara wọn nínú fuser, ibi tí ẹ̀rọ ti ń yọ́ tónà mọ́ bébà, ooru ibẹ̀ sì lè tó 180 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àpò tó yẹ kó dúró de bírò á ti fọ́ síbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe bébà fi ń ṣe ti dìjítà lọ́tọ̀, tí àpò rẹ̀ lágbára sí i, tí bébà rẹ̀ sì nípọn sí i, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sára ríìmù. Lára tiyín, ìwúwo gíráàmù 55 ni mo rí, kò sí ọ̀rọ̀ léésà kankan níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rọ wa ní kò gbọdọ̀ dín ní 64. Ọmọ iṣẹ́ yín kò tilẹ̀ bi wá bóyá ojú ni bébà ń kọ sókè tàbí sísàlẹ̀ tó bá ń jáde nínú ẹ̀rọ wa, bẹ́ẹ̀ ìyẹn lẹni tó ń ta NCR fún oní-DI máa ń kọ́kọ́ bèèrè, kó lè mọ bí wọ́n ṣe máa to sẹ́ẹ̀tì.

Ti bébà nìkan kọ́. Eruku bí àtíkè funfun bo àwọn rólà tó ń fa bébà wọlé, wọ́n ń yọ̀, bébà ń há, méjì méjì ń wọlé pọ̀. Òróró lẹ̀ mọ́ fuser. Àmì tótòtó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde kódà lórí bébà lásán, a sì ní láti dá iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn dúró. Ẹnjiníà tó ń tún ẹ̀rọ wa ṣe pààrọ̀ rólà, ó fọ fuser, ó sì kọ ohun tó bá níbẹ̀ sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ wà nínú èyí pẹ̀lú owó tó gbà.

Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí ẹ dá owó gbogbo bébà náà padà, kí ẹ san owó tí a fi tún ẹ̀rọ ṣe, kí ẹ sì wá kó èyí tó kù. Mi ò fẹ́ kí ẹ fún mi ní bébà mìíràn dípò owó, àfi tó bá jẹ́ pé mo kọ́kọ́ dán an wò lórí ẹ̀rọ tèmi.

Òfin ọjà títà ní Ìpínlẹ̀ Èkó sọ pé tí oníbàárà bá ti sọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi ọjà ṣe fún ẹni tó mọ ọjà náà, tó sì gbára lé ìmọ̀ rẹ̀, ọjà náà gbọ́dọ̀ lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Tí mi ò bá gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín láàárín ọjọ́ 14, kóòtù Small Claims tí Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2018 ni n ó gbà lọ. Ẹjọ́ owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà ni wọ́n ń gbọ́, tiwa kò sì tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ pẹjọ́ ti kọ̀wé béèrè owó rẹ̀ ṣáájú. Ẹ gba lẹ́tà yìí bí ìwé náà.

Ríìmù tó kù wà lórí pákó nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rá wọn ṣì wà lára wọn. Kí ẹni tó bá máa wá kó wọn mú ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì yín dání, nítorí mi ò ní kó ẹrù fún ẹnikẹ́ni tí kò bá buwọ́ lù ú pé òun gbà á.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Ẹni tó ni ilé ìtẹ̀wé náà