Àkànbí, gbé fóònù rẹ

Kubwa, Abuja

Àkànbí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Mo pè ọ́ títí, o ò gbé e. Bọ́sẹ̀ ti ríṣẹ́ sí Gwarinpa. Jẹnẹrétọ̀ ti kú. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Owó tí o ò fi ránṣẹ́ kọ́ ni mo bá wá o. Ẹnìkan tó ti Sabon Gari lọ́dọ̀ rẹ dé ló sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ò ń béèrè owó ọkọ̀ Agadez, ní Niger, ojú ọ̀nà aṣálẹ̀ tí wọ́n ń gbà lọ sí Yúróòpù.

Ṣé òótọ́ ni? Ọmọ tí mo pọ̀n, kí iyanrìn wá bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé kílọ́ọ̀bù bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń fìdí rẹmi? Wọ́n ní o ní o ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, pé ó ti tán fún ọ. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Bọ́sẹ̀ fi òyìnbó kan hàn mí, Jaromir Jagr, ọmọ ilẹ̀ Czech. Họ́kì orí yìnyín ló ń gbá: wọ́n á wọ bàtà onírin, wọ́n á máa fi igi lé rọ́bà pẹlẹbẹ dúdú kiri. (Òtútù yẹn nìkan á pa mí.) Ní sáà 2013 sí 2014, ó pé ọmọ ọdún 42 nínú ẹgbẹ́ New Jersey Devils ní Amẹ́ríkà. Ìgbà 13 ni ọ̀mì gbé wọn dé pẹnáritì, 13 ni wọ́n pàdánù! Síbẹ̀ bàbá yìí jẹ góòlù 24, ó gbé 43 fún ẹlòmíràn jẹ. Bí a bá ro méjèèjì pọ̀, kò sí ọmọdé kan nínú wọn tó bá a. Ẹgbẹ́ náà ò sì débi tí wọ́n ti ń du ife. Ṣé o gbọ́? Ẹgbẹ́ lè máa jábọ́ kí ẹsẹ̀ tìrẹ ṣì yá.

Má sì sọ fún mi pé òun náà lọ Rọ́ṣíà fún ọdún mẹ́ta. Ó tọwọ́ bọ̀wé kó tó lọ, wọ́n sì ń retí rẹ̀ níbẹ̀. Ta ló ń retí ẹni tó jókòó sẹ́yìn Hilux ní Agadez? Olóríkunkun!

Àkànbí, àbí èmi ni? Èmi ni mo ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbàlagbà ń wọ ṣòkòtò péńpé. Gbogbo ìgbà tí o bá pè, owó ni mo ń béèrè, n kì í béèrè bóyá o jẹ góòlù. Ṣé ìyẹn ló ń lé ọ lọ Agadez?

Wọ mọ́tò dé Rigasa ní Kaduna, kí o bá rélùwéè wá sí Kubwa. Bí ẹgbẹ́ kò bá tíì sanwó, pe Bọ́sẹ̀, á fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbé fóònù rẹ lónìí.

Èmi ìyá rẹ