Lẹ́tà sí Olóòtú: Ta ló fá ọjọ́ ìbí táyà yìí dànù?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni inú bí mi débi tí mo fi wá ìwé àti bírò, nítorí ọjọ́ náà ni wọ́n gbé táyà kan dé ilé mi ní Ìjẹ̀bú-Òde láti Èkó, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 7 tí mo ti ń wá irú rẹ̀ kiri, tí mo sì ti san gbogbo owó rẹ̀ pé pérépéré. Wọ́n fi ọ̀rá wé e, ó ń dán bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ló ti ń bọ̀ ní tààrà. Mo tú ọ̀rá náà, mo fi àtàǹpàkò tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká láti wá nọ́ńbà 4 tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe táyà, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí nọ́ńbà náà wà ń yọ̀ mí lọ́wọ́ bí àwo tánganran. Wọ́n ti fá a kúrò, wọ́n sì ti fi ohun dúdú kan kùn ún lójú. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀, ohun dúdú náà ti wà lórí àtàǹpàkò mi.

Ọkọ̀ tí mo ń wá táyà fún ni Porsche 911 Carrera S, ọkọ̀ eré ilẹ̀ Jámánì, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006, èyí tí mo rà ní tòkunbọ̀ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀rọ tí mo fi ọdún 31 ṣe. N kò rà á láti fi wá òkìkí. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ti ń wù mí láti mọ bí àwọn ará Jámánì ṣe gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ kò sì máa gbá kiri, ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà sì ni ìdáhùn wà. Ẹ̀yìn ló wúwo jù, nítorí náà táyà ẹ̀yìn fẹ̀ ju ti iwájú lọ: iwájú ń lo 235/35 lórí ríìmù 19, ẹ̀yìn ń lo 295/30 lórí ríìmù 19 bákan náà. 295 ni ìbú táyà ní mìlímítà, 30 sì túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 30 nínú 100 ìbú náà. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé ẹ̀gbẹ́ táyà mi kò pé sẹ̀ǹtímítà 9, nígbà tí ti Corolla tí gbogbo wa mọ̀, 195/65 lórí ríìmù 15, sún mọ́ sẹ̀ǹtímítà 13. Ìwọ̀nba rọ́bà yìí náà ló wà láàárín ríìmù mi àti àwọn kòtò tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa lójú ọ̀nà.

Ọ̀kan nínú àwọn kòtò náà, lẹ́bàá Odògbólú, lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Ṣágámù bọ̀, ló fa táyà ẹ̀yìn mi kan ya. Òjò ti rọ̀, omi ti bo ojú rẹ̀, n kò sì sáré ju 70 lọ. Mo gbọ́ gbàù, ìdí ọkọ̀ fì lẹ́ẹ̀kan, mo sì rọra darí rẹ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọkọ̀ yìí kò ní sípíà. Oògùn dídí ihò àti ẹ̀rọ kékeré tí ń fẹ́ atẹ́gùn ni àwọn tó ṣe é fi sínú rẹ̀, wọn kò sì ṣe oògùn yẹn fún táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ya tó ìka mẹ́ta. Fọkanáísà tí wọ́n bá mi pè bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó fi ìka bọ ojú ibi tó ya, ó sì mi orí. Ó ní, “Bàbá, ẹ má jẹ́ kí n gba owó yín lásán. Ẹ̀gbẹ́ ló ya, kò ṣeé lẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á bá yín lẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ pa yín ni.” Mo ṣe sàdáńkátà fún ọmọkùnrin náà, nítorí òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ òtítọ́ fún mi láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìtajà táyà tí mo ti wọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde láti ọjọ́ náà lé ní 10. Mo dé Ṣágámù, mo dé Ìkẹ́nnẹ́, mo sì rán ọmọ mi lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: “Dádì, ìwọ̀n yìí kò wọ́pọ̀ o, ẹ lọ wò ó l'Ékòó.” Mo lọ sí Èkó nígbà mẹ́rin. Ẹni àkọ́kọ́ gbé 285/35 jáde, ó ní kò sí ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ wà, ó sì pọ̀: táyà náà fi ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ ga ju tèmi, bí a bá sì fi táyà méjì tí gíga wọn kò bára mu sí ìdí ọkọ̀ kan, ọ̀kan yóò máa yára yí ju èkejì lọ, kọ̀ǹpútà tí ń ṣọ́ bíréèkì yóò sì rò pé ọkọ̀ ń yọ̀ lójú títì gbígbẹ. Ẹnìkejì ní èyí tó bá ìwọ̀n mu, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 1115, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2015; mo fi ọwọ́ tẹ rọ́bà rẹ̀, mo sì rí ìlà wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tí ọyẹ́ ti là. Ẹnìkẹta gbé èyí tí wọ́n ti ki táyà kékeré bọ inú rẹ̀ nínú kọ̀nténà, kí ẹrù púpọ̀ lè wọlé lówó pọ́ọ́kú. Etí táyà náà, tó yẹ kó di ríìmù mú ṣinṣin, ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹnìkẹrin ló gba ₦520,000 lọ́wọ́ mi fún ẹyọ kan. Méjì ló yẹ kí n rà, kí táyà ẹ̀yìn méjèèjì lè dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ló lóun rí. Òun náà ló fi èyí tí wọ́n ti fá ọjọ́ ìbí rẹ̀ dànù ránṣẹ́ sí mi.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ń bi mí pé, níwọ̀n ìgbà tí òfin kò gbà wá láyè ju kìlómítà 100 lọ ní wákàtí kan lójú márosẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi táyà tí wọ́n kọ lẹ́tà Y sí lára ṣe, èyí tó lè gba eré 300? Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n eré nìkan kọ́ ni lẹ́tà yẹn ń sọ. Ooru ni ọ̀tá táyà. Lẹ́tà náà ń sọ irú ooru tí táyà lè fara dà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ẹ sì mọ bí ọ̀dà ojú títì wa ṣe ń gbóná ní oṣù kejì ọdún. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fi ìwọ̀n yìí ṣe ìṣirò bíréèkì rẹ̀ àti bí yóò ṣe di ilẹ̀ mú nínú òjò, àní bí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ kò bá sáré ju 60 lọ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tí a ń sanwó oṣù fún láti máa bá wa ṣọ́ ọjà. Òfin orílẹ̀-èdè yìí kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni kó àlòkù táyà ọkọ̀ kékeré wọlé. Àwọn aláṣẹ fúnra wọn ló ń kéde lórí rédíò pé táyà kò gbọ́dọ̀ ju ọdún 4 lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Báwo ni kí n ṣe ka ọdún 4 náà nígbà tí ẹnì kan ti fi irin fá ọjọ́ ìbí táyà dànù? Kì í ṣe abẹ́ igi ni wọ́n ti ń fá a, àwọn ilé ìkẹ́rù tí gbogbo ayé mọ ojú ọ̀nà rẹ̀ ni. Àwọn tí ń dá wa dúró lójú márosẹ̀, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ wa, tí wọ́n sì ń kọ ìwé ìtanràn fún ẹni tí táyà rẹ̀ ti jẹ, kí ló dé tí wọn kì í wọ inú ilé ìkẹ́rù náà lọ? Ẹni tó ra táyà ni wọ́n ń bá wí, wọn kò bá ẹni tó kó o wọlé wí rárá. Nígbà tí mo gbé ẹ̀sùn mi lọ sí ọ́fíìsì kan tó yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ, wọ́n ní kí n mú rìsíìtì wá. Mo mú un wá. Wọ́n ní kí n mú ẹni tó tà á wá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ẹkún olówó ni mò ń sun. Kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbọ́ mi yé. Irin tó fá ọjọ́ ìbí táyà tèmi dànù ni yóò fá ti táyà bọ́ọ̀sì elérò 18 tó ń ná Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìbàdàn. Ìyàtọ̀ wa ni pé èmi ní àkókò láti fi àtàǹpàkò tọ ẹ̀gbẹ́ táyà yíká.

N kò fẹ́ da gbogbo ẹ̀bi lé àwọn oníṣòwò wa lórí. Ọkùnrin kan ní Òkè-Àje fi ọ̀wọ̀ là á yé mi pé bí òun bá ra táyà 295/30 mẹ́rin kalẹ̀, owó òun ti há nìyẹn. Ó lè pé ọdún méjì kí ẹni tó nílò rẹ̀ tó wọlé, táyà yóò sì ti máa gbó níbi tó wà, nígbà tí òun lè ta ti Corolla àti ti Camry lójoojúmọ́. Òótọ́ ló sọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní ìmọ̀ràn kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi tẹ̀ jáde, nítorí ó wà níkàáwọ́ wa láìdúró de aláṣẹ kankan.

Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ní ọkọ̀ eré ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ jọ dá ìwé ìbéèrè táyà kan sílẹ̀. Ọkọ̀ wa kò kéré níye. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró ní ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, yóò rí wọn bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ regbéregbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ṣe ń wọlé wá láti Èkó, Àbújá àti òkè òkun. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ irú ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ìwọ̀n táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, nọ́ńbà tó ń sọ ẹrù tí táyà lè gbé àti lẹ́tà eré tó tẹ̀lé ìwọ̀n náà, àmì tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fi sí i, irú bíi N tí Porsche ń lò, àti oṣù tó rò pé táyà òun yóò jẹ tán. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, oṣù mẹ́ta ṣáájú Iléyá àti oṣù mẹ́ta ṣáájú Kérésì, kí a ka ohun tó wà nínú ìwé náà, kí a sì béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò kan ṣoṣo, ọmọ ìlú, tí gbogbo wa fọkàn tán, pé kó kó wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdajì owó ni kí olúkúlùkù san sínú àpò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, bí àwọn bàbá wa ṣe ń dá èsúsú, kí owó má ṣe dé ọwọ́ ọlọ́jà títí táyà yóò fi wọ ìlú. Lọ́jọ́ tí ó bá dé, kí ẹni tó ni ín dúró níbẹ̀, kí ó ka nọ́ńbà 4 náà sókè fúnra rẹ̀, kí ọlọ́jà kọ nọ́ńbà yẹn sínú rìsíìtì, kí ó sì fọwọ́ sí i. Táyà tó bá ti ju oṣù 9 lọ, tàbí tí kò ní ọjọ́ ìbí, kó padà síbi tó ti wá. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì gbà, kí wọ́n gbé e nàró sínú yàrá tó tutù tí oòrùn kì í wọ̀, kì í ṣe iwájú ìsọ̀ níbi tí wọ́n ti ń tò wọ́n sínú oòrùn bíi gaàrí tí wọ́n sá. Bí èyí bá bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin Òkè-Àje yẹn kò ní í bẹ̀rù pé owó òun yóò há, nítorí ẹni tí yóò rà á ti wà nínú ìwé kí táyà tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Nípa ti ìjọba, kí wọ́n dí kòtò, kí wọ́n sì dín owó ibodè kù lórí táyà tí ẹnikẹ́ni kò ṣe nílẹ̀ yìí. Ní ọdún 2007 ni Michelin ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa, kò sì pẹ́ tí Dunlop náà fi dáwọ́ iṣẹ́ táyà dúró ní Ìkẹjà. Láti ìgbà náà ni a ti ń jẹ ohun tí kọ̀nténà bá gbé wá.

Mo ti ra ìwé eléwé 60 kan, mo ti fa ìlà sí i, orúkọ 11 ló sì ti wà nínú rẹ̀ láàárín àwọn ojúlùmọ̀ mi nìkan. Ọkọ̀ mi ṣì wà lórí búlọ́ọ̀kù nínú ọgbà, tí mo fi tapólì bo ìdí rẹ̀. Táyà tí wọ́n fá ọjọ́ ìbí rẹ̀ dànù wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ẹni tó tà á sì ti sọ lórí fóònù pé ọjà tí a bá ti tà kì í padà. N kò ní fi sẹ́sẹ̀ ọkọ̀, n kò sì ní tà á fún ẹlòmíràn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìjẹ̀bú-Òde.