Sí Àṣàkẹ́, tó fẹ́ dá gba ọ̀nà Accra lọ

Àṣàkẹ́ mi, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó,

Bàbá rẹ ní kí n bẹ̀ ọ́ kí o wọ bàálù. Mi ò ní bẹ̀ ọ́. Bàálù á kàn gbé ọ fo gbogbo ohun tó yẹ kí o rí ni. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ìlú kan ṣe ń parí tí òmíràn ń bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ni kó gbà.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìwé kúrò nílẹ̀. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ọ láyè láti lo 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n mú páásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì rẹ, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, dání. Ní Sẹmẹ̀, ibodè àwa àti Benin, àwọn kan tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ kankan á fẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á ní àwọn fẹ́ bá ọ ṣe é kíákíá. Má fún wọn. Tò sórí ìlà fúnra rẹ. Sẹ́fà ni wọ́n ń ná títí dé Lomé, sídì ni ti Gánà. Bí o bá ti wọ Tógò, dá aago rẹ padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Rí i pé ojúmọmọ lo wọ ìlú tí o kò mọ̀, má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìwọ nìkan lo wá.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí: fi "Èkó gbọ́n" sílẹ̀ ní Mile 2. Àwa ará Èkó yára rẹ́rìn-ín èèyàn jù, a sì yára sọ̀rọ̀ owó.

O rántí pé Lomé ni mo ti máa ń ra aṣọ wá sí Balógun. Ìyá tí mo ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà Asigamé, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò aṣọ tí wọ́n ń pè ní Nana Benz ni. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ iye aṣọ lẹ́nu rẹ̀ láì tíì jókòó. Á fa àga fún ọ, á ní "Woezo" ("káàbọ̀" ní èdè Ewe), ọmọ rẹ̀ á gbé omi wá. O mu omi yẹn tán, ó béèrè ọ̀nà, ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, kó tó wá tú aṣọ sílẹ̀. (Àwọn ìyá wa náà ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Balógun ló ti gbàgbé.) Nígbà tí iná jó ọjà náà ní oṣù kìíní 2013, mo lọ bá a kẹ́dùn. Orí àpótí onípákó kan ló jókòó sí, ẹrù rẹ̀ ti di eérú. Omi ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n bù fún mi.

Nítorí náà, níbikíbi tí o bá dé, kí wọn, jókòó, wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí o tó yọ fóònù láti ya fọ́tò. Béèrè kí o tó yà á.

Bí àyè bá wà, yà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin, kí o wo mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn Mùsùlùmí ọmọ Àgùdà, àwọn tí ìran wọn padà dé láti Brazil, kọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì lo máa pè é. Má fi ṣe yẹ̀yẹ́: Àgùdà ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tiwa yìí náà, tí wọ́n ṣí ní 1894. Fréjọ́ọ̀nù tí ìyá Àgùdà ilé kejì ń gbé fún wa ní gbogbo Gúùdù Fúráídè, ìwọ lo máa ń lá àwo rẹ̀. Ẹni tó fi ẹ̀wà àti omi àgbọn dàgbà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ yínmú sí oúnjẹ ẹnikẹ́ni.

Ní Wídà (Ouidah), ní Benin náà, ilé òrìṣà òjòlá kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì. Wọ́n lè fẹ́ gbé òjòlá kọ́ ọ lọ́rùn. Bí o kò bá fẹ́, sọ pé o kò fẹ́, kí o sì dúpẹ́. Má pariwo "Áúsù bílláhì" sí wọn lójú. Ilé wọn ni.

Pè mí tí o bá ti kọjá Aflao, ibodè Gánà. Sẹ́fà díẹ̀ wà nínú àpótí mi. Wá mú un lọ́jọ́ Ẹtì, kí o sì bá mi gba ìwọ̀n aṣọ àǹtí rẹ dání. Ìyá Lomé mọ irú èyí tí mo fẹ́.

Ìyá rẹ,
Òpópónà Bámgbóṣé, Èkó.