Àwọn Tó Yè Náà Ńkọ́?

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí gbogbo yín ní orúkọ Jésù. Ọ̀rọ̀ tòní, orí ara mi ni màá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Lóru Ọjọ́rú, ẹnì kan fi fídíò bàálù tó já ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo ní kí n wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, kí n gbàdúrà fún wọn, kí n lọ sùn. Mo wò ó, mo tún un wò, nígbà tó yá mo ti ń fi ìka méjì súùmù ẹ̀ kí n lè rí bàtà kan tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá bàálù, bàtà ọmọdé, ẹsẹ̀ kan péré. Ibẹ̀ ni ẹ̀rí-ọkàn mi ti nà mí lẹ́gba. Ẹnì kan ló so okùn bàtà yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ṣeé ṣe kó kúnlẹ̀ so ó, èmi wá ń fi ṣe ìran wò, aago kan òru ti kọjá, mi ò sì tíì gbàdúrà kankan.

Ẹ jẹ́ n bi yín, ta ló rántí bàálù Japan Airlines tó gbiná ní Haneda, ní Tokyo, ní January 2, 2024? Bó ṣe ń balẹ̀ ló kọlu bàálù kékeré tàwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun. Iná yẹn ni gbogbo wa rántí. Àmọ́ èèyàn 379 ló wà nínú bàálù ńlá yẹn, gbogbo wọn ló jáde láàyè! Nínú ilẹ̀kùn mẹ́jọ, mẹ́ta péré ló ṣeé gbà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá èrò sọ̀rọ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ bàálù ń fi ohùn ẹnu wọn pariwo pé kẹ́nikẹ́ni má mú báàgì, àwọn èrò sì gbọ́ràn. Nínú bàálù kékeré, èèyàn márùn-ún kú nínú mẹ́fà, ẹrù ìrànwọ́ ni wọ́n fẹ́ gbé lọ fún àwọn tí ilẹ̀ mì tìtì lọ́dọ̀ wọn. Ó yẹ ká sunkún fún wọn.

Torí pé iná nìkan la máa ń rí, ọ̀pọ̀ wa gbà pé bàálù tó bá ti ní jàǹbá, ó parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ NTSB, àjọ tó ń wádìí jàǹbá ní Amẹ́ríkà, ka jàǹbá bàálù àwọn ilé-iṣẹ́ wọn láti 1983 sí 2000, ó jẹ́ 568, nínú àwọn tó lé ní 53,000 tó wà nínú wọn, àwọn tó yè lé ní 51,000. Ẹni tó bá ti gbà pé kò sọ́nà àbáyọ, kò ní wo ibi tí ọ̀nà wà, ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Ẹ lọ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27. Èèyàn 276 ló wà nínú ọkọ̀ ojú omi yẹn pẹ̀lú Pọ́ọ̀lù. Wọ́n jẹun, wọ́n da àlìkámà sókun, ọkọ̀ fọ́, àwọn kan lúwẹ̀ẹ́, àwọn kan di pákó mú, gbogbo wọn gúnlẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ jù nù?

Kì í ṣe gbogbo oníròyìn ni mò ń bá wí o, àwọn kan nínú wọn ni kì í jẹ́ kí òtítọ́ ohun tó já bàálù kú sínú fáìlì. Àmọ́ kí wọ́n na máìkì sí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ọmọ òun ò sí mọ́, kí kámẹ́rà máa dúró de ẹkún ẹ̀, èyí burú, ó burú gan-an. Ẹni tó yè náà, wọ́n á máa bi í pé ta ló ń ké, kí ló gbọ́, títí bàálù yẹn á fi tún já lójú ẹ̀. Àwa la sì ń wò ó, wíwò wa lowó wọn.

Àwọn kan wá tún ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí òkú dá. Nígbà tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa èèyàn 18, Jésù bi wọ́n bóyá wọ́n rò pé àwọn yẹn lẹ́ṣẹ̀ ju àwọn yòókù lọ ní Jerúsálẹ́mù, ó sì ní rárá. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ọmọ ìjọ yìí.

Níbi ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú tó ń bọ̀, a máa fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbàdúrà fún àwọn tó pàdánù èèyàn wọn, àti àwọn tó yè tí wọn ò tíì rí oorun sùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wọ bàálù lóṣù yìí, tẹ́ ẹ bá ti jókòó, ẹ ka ìlà ìjókòó tó wà láàárín yín àti ilẹ̀kùn, níwájú àti lẹ́yìn, torí nínú èéfín, ọwọ́ lẹ máa fi kà á. Tí fídíò yẹn bá sì wà lórí fóònù yín, ẹ pa á rẹ́, ẹ má fi ránṣẹ́ sẹ́nì kankan mọ́. Mo ti pa tèmi rẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí n tó kúnlẹ̀.