Àjàní, laptop rẹ ti jí

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ìbejì. Ẹ kú ọ̀gìnìtìn Leeds o. Àwa wà níbí, ooru ń bá wa fà á.

Ohun kan wà tí mo ti fi pa mọ́ fún ọ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Laptop tí o fi sílẹ̀ fún wa nígbà tí ò ń lọ, HP EliteBook 840 G3 yẹn, díẹ̀ ló kù kó dágbére fáyé. Má tíì bínú. Ka lẹ́tà yìí tán ná.

Bí eré ló bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi àgbà wá bá mi, ó ní, "Dádì, eku wà nínú laptop." Mo gbé etí lé e. Kà, kà, kà, á dákẹ́, kà, kà, bí ẹni tó ń fi èékánná kan pákó. O mọ̀ pé abọ́ pẹlẹbẹ tó ń yí 7,200 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan ló wà nínú hard disk àtijọ́ yẹn, orí kékeré kan ló sì ń kà á láì fara kàn án. Bí orí yẹn bá ti ń ṣìnà, tó ń padà síbi tó ti gbéra lemọ́lemọ́, ariwo rẹ̀ nìyẹn.

Ibẹ̀ ni orí mi ti wú, torí fódà tí o kọ BÀBÁ sí lára, tí o gba ohùn bàbá rẹ sí, wà nínú rẹ̀. Mo bi ọ́ nígbà kan bóyá o ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, o ní, "Ó wà nínú laptop." Háà, Àjàní! Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀dà.

Aládùúgbò wa kan ní kí n gbé hard disk náà sínú fìríìjì mọ́jú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n ò ṣe é. Ohun tó bá jáde látinú fìríìjì nínú ooru Ìbàdàn yìí, kó tó pẹ́ á ti làágùn, omi lo sì fẹ́ fi pa á yẹn.

Àṣìṣe tèmi náà wà níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kó àwọn fáìlì bí a ṣe máa ń ṣe é, kí n mú fódà kí n lẹ̀ ẹ́ sórí hard disk ìta. Ó lọ díẹ̀, ó dúró, odidi wákàtí kan kò kúrò lójú kan. Agídí ló ń ṣe síbi tó ti bàjẹ́, ó sì ń fi agídí náà pa ara rẹ̀. Kíá ni mo pa ẹ̀rọ.

Ọmọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló júwe ddrescue fún mi, ètò tó ń kó ohun inú hard disk tó ń kú jáde. Ọ̀fẹ́ ni. Mo gbé Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sórí fláàṣì, mo fi fláàṣì náà tan laptop (F9 lò ń tẹ̀ lórí HP), mo sì ní kí ddrescue máa kó gbogbo hard disk náà sórí ti ìta. Ọgbọ́n rẹ̀ wù mí. Ohun tó bá rọrùn ló ń kọ́kọ́ kó, á fo ibi tó le, ìgbà tó bá kó ìyẹn tán ni á tó padà lọ bá àwọn alágídí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún ń kọ ibi tó bá dé sínú fáìlì kékeré kan. Ọpẹ́lọpẹ́ fáìlì yẹn! Aago méjì òru kọjá díẹ̀, wọ́n mú iná. Bátìrì rẹ̀ kì í gbé ogún ìṣẹ́jú mọ́, o mọ̀ ọ́n. Ó kú, mo jókòó sínú òkùnkùn, mo fọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tí iná dé láàárọ̀, mo tẹ àṣẹ kan náà, ó sì mú un láti ibi tó ti dúró. Orí hard disk ìta ni mo ti ní kó máa kọ fáìlì náà sí. Ká ní inú Linux orí fláàṣì yẹn ni, ì bá bá iná lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ló parí. Nínú 500 GB, ohun tí kò rí kà kò tó mẹ́gábáìtì kan. Àwòrán méjì níbi ìkómọ àwọn ìbejì ló kan: láti àárín dé ìsàlẹ̀ ti di eérú. O ò ní ẹsẹ̀ nínú ọ̀kan, má bínú.

Mo wá gba Ìkẹjà lọ, Computer Village, láti ra òmíràn. Ẹni àkọ́kọ́ fẹ́ ta SSD (irú tuntun tí kò ní abọ́ tó ń yí) 2 TB fún mi ní owó tí kò tó ti ẹran Iléyá. Ó fúyẹ́ bí ìwé. Irú wọn máa ń parọ́ fún kọ̀ǹpútà ni, tí o bá ti kó ẹrù kọjá ohun tó wà níkùn wọn gan-an, wọn á máa kọ tuntun lé àtijọ́ lórí. Mo kọjá. 480 GB ni mo rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, mo sì ní kó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí n tó sanwó. Kò kọ́kọ́ hàn rárá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti bá a pààlà nínú Disk Management, ibi tí Windows ti ń tò wọ́n. Ó wá kọ 447. Mo ti fẹ́ bá a fà á kí n tó rántí: ẹgbẹ̀rún ẹgbẹ̀rún ni àwọn tó ṣe é ń kà, 1,024 ni Windows ń kà. Ojú tì mí díẹ̀.

Fífi sínú rẹ̀ ló rọrùn jù. Àwọn síkírù abẹ́ rẹ̀ kì í já bọ́ tí o bá tú wọn, ẹni tó ronú kan ìyẹn ṣeun. Mo yọ wáyà bátìrì, mo gbé ti àtijọ́ jáde, mo de tuntun síbẹ̀. Windows 10 tó wà nínú rẹ̀, Microsoft ti ṣíwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025, ọjọ́ orí ẹ̀rọ náà kò sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i fún Windows 11. Ni mo bá gbé Linux Mint sí i. Ọmọ mi kùn pé òun ò rí Word. Mo fi LibreOffice, tó ń ṣe iṣẹ́ Word, hàn án, ó ṣì ń kùn. Ṣùgbọ́n kí n tó mu omi tán, ẹ̀rọ ti tàn.

Fáìlì bàbá wá ńkọ́? Amr ni, irú fáìlì ohùn kan, látinú Nokia rẹ àtijọ́. VLC ló ṣí i. Mo gbọ́ ìkọ́, àkùkọ kan kọ lẹ́yìnkùlé, ohùn rẹ ní, "Ẹ ó wulẹ̀ máa sọ ọ́ lọ ni, bàbá." Wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀rọ yẹn ń gbọ́ mi?" Kí wọ́n tó wá bẹ̀rẹ̀ oríkì ilé yín, ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko, kò sí ibi tó fò.

Mo ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí Google Drive. Gbé e kalẹ̀ lónìí, kì í ṣe ọ̀la. Ẹ̀dà kejì wà lórí hard disk ìta lọ́dọ̀ mi. Èyí tó kú, mo fi aṣọ wé e, ó wà nínú àpótí mi. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń bọ̀ ní Leeds lóṣù tó ń bọ̀. Tí o bá fẹ́ kó mú un wá, tètè sọ kó tó di ẹrù, torí gàrí ìyàwó rẹ ti gba ìdajì báàgì.

Èmi ni tìrẹ,
Àkànní