Ojú Kan àti Ojú Abẹ́rẹ́

Ìbàdàn,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejì, ọdún 2024.

Adéníkẹ̀ẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ náà. Ẹ kú òtútù Lọ́ńdọ̀nù o.

Nínú lẹ́tà rẹ tó kọjá, o bi mí bí mo ṣe ń ríṣẹ́ ṣe láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ti kán, tó ta bà mí lójú òsì, tí dókítà sì sọ pé ojú náà kò ní ríran mọ́. Mo fẹ́ dá ọ lóhùn dáadáa, nítorí ó ti kọ́ mi ní ohun tí n kò mọ̀ rí nípa bí ènìyàn ṣe ń ríran.

Ayé kò ṣókùnkùn. Mo ń rí àwọ̀, mo sì ń ka ìwé bí ti àtẹ̀yìnwá. Jíjìn àti sísúnmọ́ nǹkan ló dàrú mọ́ mi lójú. Bí mo bá fẹ́ fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, n ó na òwú náà, n ó rò pé ó ti débẹ̀, àṣé ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ ló gbà kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, orí tábìlì ni mo da omi gbígbóná sí, ife sì wà níwọ̀n ìka méjì péré sí ibi tí mo fojú sí.

Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ló wà láàárín ojú wa méjèèjì, nítorí náà, ohun tí ọ̀tún ń rí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òsì. Na ìka kan síwájú imú rẹ, kí o máa di ojú kan lẹ́yìn èkejì. Wàá rí i tí ìka náà ń fò sọ́tùn-ún sósì, tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Ìyàtọ̀ yẹn ni ọpọlọ fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Lọ́ńdọ̀nù tí o wà yẹn gan-an ni Charles Wheatstone, ọ̀jọ̀gbọ́n ní King's College, ti fi èyí hàn ní ọdún 1838: ó ya àwòrán méjì tó yàtọ̀ díẹ̀ síra, ó fi jígí méjì darí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ojú kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì sì di ohun kan ṣoṣo tó yọ síta bí ohun tí ènìyàn lè gbá mú.

Ṣé olójú kan kò wá lè mọ ibi tí nǹkan wà mọ́ ni? Rárá o, ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Ṣé o rántí alẹ́ tí a wọ bọ́ọ̀sì láti Ìsẹ́yìn, tí o tẹnu mọ́ ọn pé òṣùpá ń tẹ̀lé wa? Àwọn igi ẹ̀bá ọ̀nà ń sáré padà sẹ́yìn, àwọn òkè ọ̀ọ́kán ń rọra yẹ̀, ṣùgbọ́n òṣùpá kò kúrò lójú fèrèsé wa. Bí nǹkan bá ṣe súnmọ́ ẹni tó ń rìn tó ni yóò ṣe yára tó lójú rẹ̀. Òṣùpá sì jìnnà ju kìlómítà 350,000 lọ, kí ni ìrìn bọ́ọ̀sì fẹ́ ṣe fún un? Ọpọlọ ń ka ìyàtọ̀ yìí náà, ojú kan sì tó o kà á. Nítorí náà, kí n tó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, n ó rọra mi orí sọ́tùn-ún àti sósì. Bí òwú bá ń yára ju abẹ́rẹ́ lọ, ó ṣì wà níwájú rẹ̀ ni; bí wọ́n bá jọ ń lọ, wọ́n ti bára wọn mu. Ní ti ọ̀kadà, bó ṣe ń tóbi sí i lójú mi ni mo fi ń mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Mo ka ìtàn obìnrin kan ní Jámánì, tí àwọn onímọ̀ kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1983, tí wọ́n pè ní L.M. kí wọ́n má baà dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan orí rẹ̀, ó sì ba ẹ̀yìn ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ lọ́tùn-ún àti lósì. Ó ń rí àwọ̀, ó ń dá nǹkan mọ̀, àmọ́ kò rí ìrìn nǹkan mọ́. Bí ó bá ń da tíì, tíì náà a dúró gbagidi lójú rẹ̀ bí ohun tó ti dì. Mọ́tò tó wà lọ́ọ̀ọ́kán a sì ṣàdédé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo kà á, nítorí ohun tí mo fi ń wá ojú abẹ́rẹ́ rí gan-an ni òun pàdánù.

Bùbá tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, ọwọ́ ni mo fi rán gbogbo ọrùn rẹ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá náà. Yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, kí o sì sọ fún mi bí o bá rí ibi tí ọwọ́ mi ti ṣì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Mopélọ́lá.