Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ni èdè

Sí Olóòtú,

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya 2022 sí 2032 sọ́tọ̀ fún èdè àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi fíìmù ran irú èdè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè kọ́kọ́ wo iṣẹ́ Wapikoni Mobile dáadáa, ètò kan ní Kánádà tó ń gbé ohun èlò fíìmù lọ bá àwọn ọ̀dọ́ ìbílẹ̀.

Manon Barbeau, aṣefíìmù, ló dá a sílẹ̀ ní 2004 pẹ̀lú ìgbìmọ̀ àwọn Atikamekw, ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan ní Quebec tí wọ́n ti ń sọ Faransé, àti ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ìbílẹ̀ Quebec àti Labrador. Wọ́n fi sọrí Wapikoni Awashish, ọ̀dọ́bìnrin Atikamekw tó ń bá Barbeau kọ ìtàn fíìmù kí ìjàǹbá ọkọ̀ tó pa á ní 2002. Ọkọ̀ ńlá tí wọ́n to ohun èlò fíìmù sínú rẹ̀ ló máa ń wọ ìlú wọn lọ, tí yóò sì dúró síbẹ̀ fún bí oṣù kan. Àwọn ọ̀dọ́ ni yóò wá ìtàn, tí wọn yóò gbé kámẹ́rà, tí wọn yóò gba ohùn sílẹ̀, tí wọn yóò sì jókòó ti kọ̀ǹpútà láti gé àwòrán kí wọ́n sì tò ó. Bí ọkọ̀ bá sì ti fẹ́ máa lọ, gbogbo ìlú yóò péjọ wo fíìmù náà.

Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ya ìtàn ìyá rẹ̀ àgbà ní láti tẹ́tí sí ohùn yẹn léraléra. Nígbà tó bá sì kan kíkọ ìtumọ̀ lédè Faransé sí ìsàlẹ̀ àwòrán, dandan ni kí ó mọ ohun tí màmá náà sọ délẹ̀délẹ̀. Àmì-ẹ̀yẹ kankan kò lè ṣe èyí fún èdè.

Wọ́n ti gbé iṣẹ́ yìí dé Bòlífíà, Pérù àti Ṣílè. Àjọṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè ṣe pàtàkì, nítorí ìjọba ilé nìkan kò ṣeé gbójú lé: ní 2011 ìjọba àpapọ̀ Kánádà fúnra rẹ̀ gé owó tí wọ́n ń gbà kù. Àmọ́ n kò fara mọ́ àjọṣe tí àlejò yóò ti ya ìtàn onílé, tí yóò sì kó kámẹ́rà àti fíìmù lọ. Ó yẹ kí àdéhùn sọ ọ́ kedere pé ọ̀dọ́ ló ni fíìmù, pé ohun èlò yóò dúró sílùú, àti pé ẹ̀kọ́ yóò máa bá a lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ báyìí ní ojú ewé fíìmù yín, kí àwọn aṣefíìmù wa tí ilẹ̀ òkèèrè ń pè sí àjọṣe lè rí i kà kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Abẹ́òkúta